Ohun Tí A Kọ Lónìí, Ta Ni Yóò Lè Kà Á Lọ́la?

Kò sí ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì tí kò mọ Ọjà Àlàbá ní ilẹ̀ Ọ̀jọ́. Kí ènìyàn tó dé Ìbà àti Okokomaiko ni ariwo ọjà náà yóò ti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, firíìjì, ẹ̀rọ amúnáwá, fíìmù àti orin, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò láti Kútọnu àti Lomé sì ń wá rajà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn bá sọ̀rọ̀ nípa Àlàbá, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń sọ, tàbí ọ̀rọ̀ iná tó jó ìsọ̀, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe àdàkọ fíìmù onífíìmù láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwa fẹ́ bá àwọn olùkà wa sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìrántí ni: bí orílẹ̀-èdè ṣe ń pa ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ti fi ojú rí, tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n sì ti kọ sílẹ̀ mọ́, kí ọmọ ọmọ wa lè rí i kà.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan Àlàbá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó kàn án púpọ̀. Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, kò jìnnà sí ọjà náà. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọdún méjì gbáko yẹ omi kànga wò láti àdúgbò dé àdúgbò yóò wá sí Àlàbá ní ọjọ́ kan, yóò ra fláàṣì kan tí kò ju ọmọńdinrín ìka rẹ̀ lọ, yóò sì kó gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì náà sínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó parí. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní dátà, èyí tí àwa yóò máa pè ní àkọsílẹ̀ ìwádìí, ti wọ inú fláàṣì, fláàṣì sì ti wọ inú àpò ṣòkòtò. Bí ṣòkòtò náà bá wọ inú omi ìfọṣọ, ó dìgbóṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ohun èlò wọ̀nyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ti di ohun ayérayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hádì dísíkì jẹ́ àwo tó ń yí bí àwo orin ayé àtijọ́. Agbára òòfà ni a fi ń kọ nǹkan sí ara rẹ̀, orí tó ń kà á sì ń fò lókè àwo náà ní àyè tó kéré ju fọ́nrán irun lọ. Bí ó bá já bọ́ láti orí tábìlì, orí náà lè fi ara kan àwo, ohun tó bá sì họ kúrò níbẹ̀ kò ní padà mọ́. Fláàṣì kò ní ohun tó ń yí nínú. Iná mànàmáná kíún ni ó há mọ́ inú yàrá kéékèèké tí kò níye. Bí iná bá wà nínú yàrá kan tàbí bí kò bá sí ni kọ̀ǹpútà ń kà bí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iná náà ń jò díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ìkòkò tó sán, ooru sì ń mú un yára. Ẹni tó bá ju fláàṣì sínú àpótí tábìlì ní Èkó fún ọdún mẹ́wàá láìtì í bọ inú ẹ̀rọ kankan, kí ó má ṣe retí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo síídì tí a fi ẹ̀rọ ilé kọ nǹkan sí ní aró nínú, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin a sì máa ba aró náà jẹ́. Ooru àti ọ̀rinrin, àwọn méjèèjì ni a ní ní ànító ní etí ọ̀sà.

A kò tíì sọ ti ayédèrú. Fláàṣì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó lè gba ẹgbẹ̀rún kan gígábáìtì, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́ lè má ju mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹni tó ṣe é ti kọ́ ọpọlọ kékeré inú fláàṣì náà láti máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yóò máa kọ, fláàṣì yóò máa dáhùn pé òun ti gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè tòótọ́ bá kún, ọ̀rọ̀ titun yóò máa gun orí ti àtijọ́ tàbí kí ó ṣòfò. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé orúkọ àwọn ìwé náà yóò ṣì hàn lójú kọ̀ǹpútà kedere. Ọjọ́ tí a bá ṣí wọn ni a ó tó mọ̀ pé òfìfo ni. Irú ayédèrú yìí wà ní ọjà káàkiri ayé, a kò sì sọ ọ́ láti ba ọjà àwọn ọmọlúwàbí oníṣòwò Àlàbá jẹ́. Oníṣòwò tòótọ́ kò ní bínú bí oníbàárà bá ní kí a kọ nǹkan kún inú ohun tí òun fẹ́ rà títí yóò fi kún, kí a sì kà á padà lójú òun kí owó tó kúrò lọ́wọ́ òun.

Ohun ìyanu kan tún wà. Bí ohun tó yẹ kí a tọ́jú ti ń sọnù, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó yẹ kí ó parẹ́ kò parẹ́. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, wá sí Èkó láti wo bí àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣe ń wọlé. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún náà, wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe, kò sì ṣeé tà. Wọ́n ra díẹ̀ nínú àwọn hádì dísíkì náà, wọ́n sì gbé e fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Fásitì British Columbia ní Kánádà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Gánà, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ ààbò nínú dísíkì tí wọ́n rà lọ́jà. Bí ìwé ìjọba Amẹ́ríkà bá lè dé orí àtẹ ní Gánà, kí ni kò lè dé orí àtẹ?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé, nítorí Ọjà Àlàbá tìkára rẹ̀ ti di ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe ìwádìí lé lórí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti kan ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn olùkà wa tó ti dàgbà kò ní gbàgbé ọdún 1988, nígbà tí wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ náà mú kí ìjọba ṣe òfin lórí pàǹtírí olóró ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1989 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí Basel ní Switzerland, tí wọ́n fi ọwọ́ sí àdéhùn pé a kò gbọ́dọ̀ máa kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn bí ó ti wu ni. Ibùdó tó ń ṣojú àdéhùn náà fún ilẹ̀ Áfíríkà wà ní Fásitì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbáńjọ, onímọ̀ kẹ́místírì, ni ó sì ṣe olórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2011 ni Nàìjíríà ṣe ìlànà tirẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ oníná tí a ti lò gbó. Ní ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí dúró ní èbúté Èkó, wọ́n ń ka ẹrù bó ti ń wọlé. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti rọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò ṣeé tún ṣe? Wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń sun wáyà rẹ̀ kí bàbà inú rẹ̀ lè yọ, ìyókù sì ń bọ́ sílẹ̀. Òjé wà nínú dígí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni cadmium àti àwọn oró mìíràn wà níbẹ̀. Òjé kì í ṣe ohun eré. Ní Zamfara ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé láti ibi tí a ti ń wa wúrà pa. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àti erùpẹ̀ àgbàlá wọn ni a wọ̀n kí ayé tó gbà pé òjé ni, kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe àjẹ́.

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni àwọn olùwádìí ti ń wa erùpẹ̀ ní Àlàbá, tí wọ́n ń bu omi, tí wọ́n ń gbá eruku jọ, tí wọ́n sì ń wọn oró inú wọn. Àbájáde iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń tẹ̀ sínú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju àkópọ̀ lọ: ìdá àárín, èyí tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù. Àkọsílẹ̀ gan-an, láti ihò kan sí ihò kejì, láti ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì, níbo ló wà? Bí ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀jọ́ lónìí bá dàgbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń ta oúnjẹ ń sàn sí i ni tàbí ó ń burú sí i, àkọsílẹ̀ gan-an ni yóò wá kiri, kì í ṣe àkópọ̀.

Ẹ wá wo bí ó ti rọrùn tó láti ba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Ká ní a rí tákàdá kan tí a kọ ọ́ sí pé: Àlàbá, òjé, 850. Kí ni 850 náà? Ṣé mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù erùpẹ̀ kan ni, tàbí ìwọ̀n mìíràn? Ṣé erùpẹ̀ tútù ni wọ́n gbé lé ìwọ̀n ni àbí èyí tí wọ́n sá gbẹ? Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ti bù ú ni àbí wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìgúnwọ́? Ásíìdì wo ni wọ́n fi yọ òjé inú rẹ̀, ẹ̀rọ wo ló sì kà á? Láìsí ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, 850 kò yàtọ̀ sí nọ́ḿbà tí ọmọdé fi ẹ̀fun kọ sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti wa erùpẹ̀ tún ní ìjàǹbá tirẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ti àtijọ́ ni a yà láti ara òpó ìpìlẹ̀ kan tó wà ní Minna. Ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, èyí tó wà nínú tẹlifóònù gbogbo wa, ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ibi kan náà sílẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, tí kò sì sọ èwo ni òun lò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ní Èkó lè tó nǹkan bí 100 mítà. Ẹni tó mọ Àlàbá mọ ohun tí 100 mítà jẹ́ níbẹ̀. Láti ààtàn tí wọ́n ti ń sun wáyà dé ìdí ìkòkò olóúnjẹ lè máà tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pàápàá ń ṣini lọ́nà. Bí a bá kọ 03/04/2015, Gẹ̀ẹ́sì yóò kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Ọ̀kan lè jẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìkejì lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti fọ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi ń kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ ṣe ìkẹyìn: 2015-04-03. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bákan náà, òdo kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àyè òfìfo. Òdo ń sọ pé a wọ̀n ọ́, a kò rí nǹkan kan. Òfìfo ń sọ pé a kò wọ̀n ọ́, bóyá òjò ló lé wa wálé lọ́jọ́ náà. Ìkẹta tún wà: a wọ̀n ọ́, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ wa lè rí lọ. Àwa ti rí tábìlì tí wọ́n fi òdo kún gbogbo àyè òfìfo nítorí kí ó lè dùn ún wò. Irú ẹwà bẹ́ẹ̀, irọ́ ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ ìpamọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gbé ìwé lọ sí ilé ìpamọ́. Inú oko ìwádìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀. Ìwé kékeré kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn nọ́ḿbà, tí a fi èdè tó yé ènìyàn kọ, tí yóò sọ ta ni, níbo, nígbà wo, pẹ̀lú kí ni, àti ohun tí orí tábìlì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Kí a kọ ọ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí àlejò tí kò mọ̀ wá rí, nítorí àlejò gan-an ni ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn ogójì ọdún. Àwọn nọ́ḿbà fúnra wọn, kí a tọ́jú wọn bí lẹ́tà ṣákálá tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè kà, kì í ṣe inú ètò tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ń tà, nítorí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ nìyẹn. Ní ti orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sọ ìwé wọn lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn "final", "final 2", "final tòótọ́", ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn aláwàdà.

Ẹ̀dà kan kì í ṣe ẹ̀dà. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbà ni pé kí ó tó mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú mìíràn, kí iná tàbí ẹ̀kún omi má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kan sì wà tí kọ̀ǹpútà fi lè ka ìwé kan láti òkè dé ilẹ̀, kí ó sì fún un ní nọ́ḿbà gígùn kan bí ìka tí ènìyàn tẹ̀ sórí ìwé àdéhùn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú ìwé náà, ìka náà kò ní bá a mu mọ́. Lọ́dọọdún ni ó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ìka wọn wé ara wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ìwé ìpè-orúkọ àti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé ń kọ, kí ni wọ́n bí kò ṣe àkọsílẹ̀ tó ní ọjọ́, tó ní ibi, tó sì ní ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́? Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432. Títí di òní olónìí ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń fi iye yìí yangàn, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ta ló kà wọ́n? Àwọn olùkọ́ ni, wọ́n ń fi gègé sàmì sí ìwé ìpè-orúkọ láràárọ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, àrọ́bá nìkan ni à bá máa pa fún ara wa.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe ohun kan tó yẹ kí a mọ̀. Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ BBC fẹ́ ṣe àjọ̀dún 900 ọdún tí wọ́n ti fi àṣẹ ọba William kọ gbogbo ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn ìlú náà sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Domesday Book, ní ọdún 1086. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn, tó kọ nípa àdúgbò wọn, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sórí àwo ńlá tí a ń fi iná lésà kà. Kò tó ogún ọdún tí ẹ̀rọ tó lè ka àwo náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ayé, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní láti jókòó ṣe ètò kọ̀ǹpútà titun tí yóò máa ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Ìwé ti ọdún 1086, tadà lórí awọ ẹran, ṣì wà níbẹ̀ tí à ń kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ físíìsì ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fásitì Ìbàdàn ti ń ta ìró rédíò sókè lọ́sàn-án àti lóru, tí wọ́n ń wọn bí ipele òfurufú ṣe ń dá a padà. Ìlà kan wà tó yí ayé po, níbi tí abẹ́rẹ́ òòfà kì í ti tẹ̀ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀; ìlà yìí kọjá ní apá òkè Nàìjíríà. Nítòsí rẹ̀, ní nǹkan bí 100 kìlómítà lókè orí wa, bí odò iná mànàmáná kan ni ó ń ṣàn lójú ọ̀sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili, tó wá di ọ̀gá àgbà Fásitì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí odò náà láti Ìbàdàn. Nígbà tí orílẹ̀-èdè 67 para pọ̀ láti wọn ayé àti òfurufú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti oṣù Keje ọdún 1957 títí di òpin ọdún 1958, ibùdó Ìbàdàn wà lára wọn.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń wo ara wọn bí ológbò àti ajá. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ fi ẹnu kò pé kí ilé ìpamọ́ ńlá wà ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà, kí a sì pín ẹ̀kẹta sí Yúróòpù, Japan àti ibòmíràn. Wọ́n tẹ ìlànà jáde lórí bí a ó ti kọ nọ́ḿbà, ní wákàtí wo, lórí fọ́ọ̀mù wo. Nítorí pé Ìbàdàn tẹ̀lé ìlànà náà, àkọsílẹ̀ òfurufú Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n kó pamọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú wa dùn pé wọn kò sọnù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ká wa lára pé Ìlú Ọba ni ọmọ Nàìjíríà yóò kọ ojú sí kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè orí Ìbàdàn nígbà ayé bàbá rẹ̀.

Àwọn tó lágbára jù wá lọ pàápàá ti ṣe àṣìṣe. Àwọn téèpù tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi gba àwòrán ọjọ́ tí ènìyàn tẹ ilẹ̀ òṣùpá ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ NASA wá wọn fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì jẹ́wọ́ ní ọdún 2009 pé ó jọ pé wọ́n ti pa ohun tó wà lórí wọn rẹ́ láti fi téèpù náà ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àìtó téèpù ló fà á. Ṣùgbọ́n àwọn téèpù àwòrán òṣùpá tí wọ́n yà ní ọdún 1966 àti 1967 rí ẹni gbà wọ́n là: arábìnrin kan, Nancy Evans, tó kọ̀ kí wọ́n dà wọ́n nù, tó sì gbé àwọn ẹ̀rọ ràgàjì tó lè kà wọ́n sí ilé ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọdún 2008, àwọn ẹlẹ́rọ kan kó wọn sínú ilé oúnjẹ McDonald's kan tí wọ́n ti pa tì ní Kalifóníà, wọ́n sì fi ẹ̀yà ara àwọn ẹ̀rọ àlòkù tún wọn ṣe títí àwòrán fi jáde.

Nígbà tí a kà nípa àwọn ẹlẹ́rọ yìí, Àlàbá ni ó sọ sí wa lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka dísíkì pẹlẹbẹ ayé ọjọ́un, tàbí ẹ̀rọ fídíò tí kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é mọ́, níbo ni yóò lọ? Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wà ní Àlàbá tí wọ́n lè tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n yọ mọ́tò lára ọ̀kan, kí wọ́n yọ orí lára èkejì, kí wọ́n sì fi wọ́n kó odindi ọ̀kan jọ. A ń fi ojú alágbàṣe wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn ni ó ń wọ́n àwọn ilé ìpamọ́ ńláńlá ayé. Ní àwọn fásitì wa, àwọn àpótí kún fún dísíkì pẹlẹbẹ àti téèpù tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n lórí tábìlì ọ̀gá. Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Àlàbá. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn, kí a san owó tó yẹ fún àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ náà, kí a sì ka ohun tó bá ṣì ṣeé kà kí òòfà orí wọn tó kú tán?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìbò. Òfin tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, èyí tí a ṣe ní ọdún 2011, sọ ọ́ kedere pé ilé-iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí olùdíje bá wá sí Ọ̀jọ́ láti tọrọ ìbò yín, lẹ́yìn tí ó bá ti sọ ti ọ̀nà àti ti ọkọ̀ ojú irin tán, ẹ bi í pé níbo ni àkọsílẹ̀ omi kànga àdúgbò yìí wà, ta ló wọ̀n ọ́ kẹ́yìn, ọdún wo sì ni. Bí ó bá ní òun yóò wádìí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ní ti erùpẹ̀ Àlàbá, ohun tí a ń béèrè kò tó owó mítà mélòó kan ojú ọ̀nà. Kí fásitì kọ̀ọ̀kan tó ti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ kó ìwé oko ìwádìí wọn jọ, èyí tí ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kí a ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ ibi, ọjọ́, jíjìn ihò àti ìwọ̀n rẹ̀ sí ìlà kan fún ihò kan. Kí ẹ̀dà kan wà ní Ọ̀jọ́, kí ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, kí a sì fi ẹ̀kẹta sí ibi ìpamọ́ tí gbogbo ayé lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, bí irú Zenodo tí àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yúróòpù ti ń tọ́jú láti ọdún 2013. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé tó pẹ́ jù. Àwọn tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹni tó wa ihò náà ṣì lè rántí ìsọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìdí tí ó fi fa ìlà pupa sí abẹ́ nọ́ḿbà kan.